Ẹja Tí Kò Nílé: Àdéhùn Nauru àti Àkóso Ẹja Túnà ní Òkun Pàsífíìkì láti 1945

1. Ìfáárà

Ní oṣù kejì ọdún 1982, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kéékèèké méje pàdé ní erékùṣù Nauru ní Òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí ọ̀rọ̀ ẹja. Àwọn méje náà ni Nauru fúnra rẹ̀, Kiribati, Papua New Guinea, Erékùṣù Solomon, Erékùṣù Marshall, Palau àti Àpapọ̀ Ìpínlẹ̀ Micronesia. Tuvalu dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà, wọ́n sì di mẹ́jọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé yìí, mẹ́ta nínú wọn, àwọn ni Marshall, Palau àti Micronesia, ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba Amẹ́ríkà. Nínú àwọn mẹ́rin yòókù, kò sí èyí tí ó tíì lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òmìnira.

Ilẹ̀ Nauru kò ju kìlómítà 21 níbùú lóròó lọ. Gbogbo ilẹ̀ Kiribati, bí a bá kó o jọ sójú kan, kò pé kìlómítà 1,000 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n omi tí òfin kà sí tirẹ̀ lónìí ju mílíọ̀nù mẹ́ta irú kìlómítà bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú omi àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yìí ni wọ́n ti ń pa nǹkan bí ìdajì gbogbo ẹja skipjack tí ayé ń jẹ, skipjack sì ni irú túnà tí ó pọ̀ jù lọ nínú agolo tí ó wà lórí àtẹ ní ibi gbogbo.

Àwọn òǹkọ̀wé lórí òfin òkun sábà máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé 200 máìlì ni ó yí ohun gbogbo padà: òfin dé, omi di ti onílẹ̀, onílẹ̀ sì di olówó. Àwọn ọdún inú ìtàn náà kò jẹ́rìí sí i bẹ́ẹ̀. Àwọn erékùṣù ti ní 200 máìlì lọ́wọ́ kí àwọn ọdún 1980 tó wọlé dáadáa. Síbẹ̀ ní 2010, owó tí àwọn mẹ́jọ náà ń rí gbà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá aláwọ̀n kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ lọ́dún. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí owó yìí fi di nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ẹja kò fi ìlọ́po mẹ́jọ pọ̀ sí i láàárín ìgbà náà. Òfin òkun kò sì yí padà. Ohun tí ó yí padà ni ọ̀nà tí àwọn tí ó ni omi gbà ń bá ara wọn lò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí yóò gbájú mọ́.

2. Ta ni ó ni ẹja òkun?

Kí ó tó di Ogun Àgbáyé Kejì, òfin òkun kò lọ́jú pọ̀. Orílẹ̀-èdè etíkun ni ó ni omi tí ó sún mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ máìlì mẹ́ta. Ohun tí ó wà lẹ́yìn èyí jẹ́ òkun gbangba, ẹja inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pa á. Òfin yìí dára lójú ẹni tí ó ní ọkọ̀ ńlá. Ẹni tí kò ní ju ọkọ̀ àjẹ̀ lọ kò rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kò wá lè tì mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945, Ààrẹ Truman gbé ìkéde méjì jáde. Ọ̀kan sọ pé ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ abẹ́ òkun tí ó so mọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà. Èkejì sọ pé ìjọba lè ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ nínú òkun gbangba láti dáàbò bo ẹja. Chile àti Peru wò ó pé bí alágbára bá lè na ọwọ́ sínú òkun, àwọn náà lè nà án. Ní 1947 wọ́n kéde pé àṣẹ àwọn dé 200 máìlì. Ní 1952 Ecuador dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí Ìkéde Santiago.

Àwọn ọkọ̀ túnà tí ó ń ti California wá ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Láti 1903 ni wọ́n ti ń di túnà sínú agolo níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ wọn sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi Gúúsù Amẹ́ríkà. Ecuador àti Peru bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ wọnyí, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé wọn. Dípò kí ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n lọ gba ìwé àṣẹ, ó ṣe òfin ní 1954 pé òun yóò dá owó ìtanràn náà padà fún wọn láti inú àpò ìjọba. Ọlọ́kọ̀ ń ṣẹ̀, ìjọba ń san. Irú ètò yìí yóò tún fi ojú hàn ní 1987.

Àwíjàre tí Amẹ́ríkà dì mú kì í ṣe àwíjàre òmùgọ̀. Túnà kì í dúró sójú kan. Skipjack kò tilẹ̀ lè dúró, nítorí bí kò bá lúwẹ̀ẹ́ síwájú, omi kò ní kọjá lára ihò èémí rẹ̀ tó. Ẹja tí ó wà nínú omi Peru lónìí lè wà nínú òkun gbangba ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nítorí náà, ní ìlànà Amẹ́ríkà, kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó lè ní irú ẹja bẹ́ẹ̀. Àjọ gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó yẹ kí ó máa ṣe àkóso rẹ̀, bí irú èyí tí Amẹ́ríkà àti Costa Rica fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1949 fún ìlà-oòrùn Pàsífíìkì. Ìmọ̀ nípa ẹja ti àwíjàre yìí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹja kò nílé kò tíì fi hàn pé ẹja kò lólúwa. Ohun tí àjọ bẹ́ẹ̀ ń pinnu ni iye ẹja tí wọ́n lè pa. Kì í pinnu ẹni tí owó ẹja náà yóò kàn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rí sí ìyẹn, ọwọ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí.

Àwọn ará Áfíríkà kópa nínú yíyí òfin yìí padà, ìlú Èkó sì wà nínú ìtàn náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1972, nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn amòfin ilẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà ṣe ìpàdé ní Èkó, Kẹ́ńyà gbé àbá kan kalẹ̀ tí ó dúró sí àárín máìlì mẹ́ta ti àtijọ́ àti 200 máìlì ti àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà. Gẹ́gẹ́ bí àbá náà, ọkọ̀ gbogbo ayé lè gba orí omi náà kọjá, ṣùgbọ́n ọrọ̀ inú rẹ̀, pàápàá ẹja, jẹ́ ti orílẹ̀-èdè etíkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà Kẹ́ńyà gbé e lọ sí Geneva, níwájú ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú àpérò ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, tí ó sì parí nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí Òfin Òkun ní Montego Bay, ní orílẹ̀-èdè Jamaica, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1982. Nàìjíríà kò dúró de òpin àpérò náà. Ní 1978 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin 200 máìlì tiwa.

Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò dúró. Ní 1976 ó ṣe òfin tí ó gba ẹja tí ó wà láàárín 200 máìlì etíkun rẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì yọ túnà sílẹ̀ nínú òfin náà. Ìdí tí ó fi yọ ọ́ hàn kedere. Bí ó bá gbà pé túnà etíkun òun jẹ́ ti òun, yóò gbà pé ti etíkun Ecuador jẹ́ ti Ecuador. Òfin kan náà tún ní kí ìjọba má ṣe gba ẹja wọlé láti ilẹ̀ tí ó bá mú ọkọ̀ túnà Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ tí Amẹ́ríkà kò mọ̀ sí. Idà yìí ni wọ́n yọ sí Erékùṣù Solomon ní 1984.

3. Àwọn erékùṣù àti ọkọ̀ Jeanette Diana

Ìyà tí ó ń jẹ àwọn erékùṣù kí àdéhùn Nauru tó wáyé kì í ṣe pé wọn kò ní òfin. Olúkúlùkù wọn ń dá ìwé àṣẹ tirẹ̀ tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ Jàpáànù àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, owó tí wọ́n sì ń gbà kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹja náà tà lọ. Bí Kiribati bá béèrè owó púpọ̀, ọlọ́kọ̀ a kọrí sí omi Micronesia. Bí Micronesia bá le, a lọ sí Papua New Guinea. Wọ́n dà bí àwọn alájàpá tí wọ́n pàtẹ ọjà kan náà ní ìdojúkọ ara wọn, tí oníbàárà kan ṣoṣo sì ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì títí owó fi wálẹ̀.

Ìwà ẹja fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Skipjack a máa tẹ̀ lé omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì. Ní àwọn ọdún tí ojú ọjọ́ bá yí sí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní El Niño, omi wọ́ọ́rọ́ náà a sún lọ sí ìlà-oòrùn, ẹja a bá a lọ, Kiribati a sì rí ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Ní àwọn ọdún tí ó bá yí padà, Papua New Guinea àti Micronesia ni ẹja ń wà lọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi omi tirẹ̀ nìkan pààlà fún ọ̀wọ́ ẹja yìí, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọdún kan gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe sọ nípa ìrìn ẹja ni ó rí. Àwọn erékùṣù kàn fa ìyọrísí mìíràn yọ láti inú òtítọ́ kan náà. Bí ẹja bá ń rìn kiri láàárín àgbàlá méje, kí àwọn oní-àgbàlá méje náà di onílé kan ṣoṣo lójú àlejò.

Ohun tí àdéhùn Nauru sọ nìyẹn ní èdè òfin. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i yóò máa fi ìlànà kan náà fún ọkọ̀ àjèjì ní ìwé àṣẹ, wọn yóò sì máa fi ti ọkọ̀ ara wọn ṣáájú. Ní 1979 ni àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ti dá ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹja ní Honiara. Àwọn méje yìí, tí ẹja pọ̀ lọ́dọ̀ wọn jù, dá ìmùlẹ̀ tiwọn sí inú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán wọn wò. Ní 1982 sí 1983, El Niño ńlá kan ba ẹja pípa jẹ́ ní ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá Amẹ́ríkà sì kọjá sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọkọ̀ yìí ń lo àwọ̀n tí wọ́n fi ń yí ọ̀wọ́ ẹja po, tí wọ́n ń fa okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ẹnu àpò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fà á lè kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù. Wọn kò gba ìwé àṣẹ, nítorí ìjọba wọn ti sọ fún wọn pé túnà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, Erékùṣù Solomon mú ọ̀kan nínú wọn, Jeanette Diana, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e. Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn ọjà rẹ̀ mọ́ ẹja Solomon. Fún orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé ọdún méje ní òmìnira, tí ẹja sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun pàtàkì tí ó ń tà sí òkèèrè, ìyà náà kì í ṣe kékeré.

Ní 1985, Kiribati ṣe ohun tí ó jí Washington lójú oorun: ó fọwọ́ sí ìwé fún ọdún kan pẹ̀lú ìjọba Soviet pé kí ọkọ̀ wọn wá pa túnà nínú omi rẹ̀. Owó náà kò pé mílíọ̀nù méjì dọ́là, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé àsíá Soviet dé àdúgbò tí Amẹ́ríkà ti kà sí ti ara rẹ̀ láti 1945. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1987, ní Port Moresby, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àdéhùn ẹja pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún ní àdúgbò náà: mílíọ̀nù 60 dọ́là fún ọdún márùn-ún.

Àwọn kan ti kọ ọ́ pé ìbẹ̀rù Soviet ni ó bí àdéhùn 1987, kì í sì í ṣe agbára àwọn erékùṣù. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì tó láti ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ 1987 àti ìdí tí owó náà fi ga tó bẹ́ẹ̀. Kò tó láti ṣàlàyé ìdí tí ìwé náà fi jẹ́ ẹyọ kan fún orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún. Ó rọrùn fún Amẹ́ríkà láti bá Kiribati nìkan sọ̀rọ̀, kí ó fi owó tù ú nínú, kí ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Kò rí i ṣe, nítorí àwọn erékùṣù ti kọ́kọ́ bá ara wọn ṣàdéhùn. Ohun mìíràn tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni ibi tí owó náà ti wá. Nínú mílíọ̀nù 12 tí ó kan ọdún kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 10 ti àpò ìjọba Amẹ́ríkà wá. Díẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ san. Ìṣe 1954 ni wọ́n tún gbé wọ aṣọ tuntun. Ní 1990 ni Amẹ́ríkà tó tún òfin tirẹ̀ ṣe tí túnà fi wọ inú rẹ̀.

4. Láti orí kíka ọkọ̀ dé orí kíka ọjọ́

Ní 1992 àwọn tí ó wà nínú àdéhùn Nauru fẹnu kò ní Palau pé iye ọkọ̀ ńlá aláwọ̀n tí yóò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju iye kan lọ, iye náà sì wá dúró sí 205. Àbùkù ètò yìí tètè hàn. Ọkọ̀ 205 lè má yí padà ní iye, kí wọ́n sì máa tóbi sí i, kí awò àti ẹ̀rọ wọn máa mú sí i lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá ti ní àyè láàárín 205 náà ti rọ́wọ́ mú. Ọlọ́kọ̀ ni àǹfààní àyè tí ó ṣọ̀wọ́n yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe olómi.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2007 wọ́n fi Ètò Ọjọ́ Ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ètò yìí, ọjọ́ ni wọ́n ń tà. Lọ́dọọdún wọ́n á pinnu iye ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ aláwọ̀n lè fi pa ẹja nínú omi wọn lápapọ̀, ó sì máa ń tó nǹkan bí 45,000. Wọ́n á pín ọjọ́ náà láàárín ara wọn, olúkúlùkù á sì ta tirẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 50 ń jẹ ìdajì ọjọ́. Èyí tí ó ju mítà 80 lọ ń jẹ ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Bí ẹja bá sì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ní ọdún kan, ó lè ta ọjọ́ tirẹ̀ fún ẹni tí ẹja wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó má baà pàdánù pátápátá. Èyí gan-an ni ó yanjú ọ̀ràn El Niño tí ó ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Síbẹ̀, ètò nìkan kọ́ ni ó mú owó wá. Láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn kan ń ta ju iye tí ó tọ́ sí wọn lọ, wọ́n ń wí àwíjàre nípa ohun tí à ń pè ní ọjọ́ ẹja pípa àti ohun tí kì í ṣe é. Owó kò gbéra. Ìgbà tí wọ́n dá ọ́fíìsì tiwọn sílẹ̀ ní Majuro ní 2010, tí wọ́n sì fi iye kan lélẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà kọjá sísàlẹ̀, ni nǹkan yí padà. Iye náà jẹ́ 5,000 dọ́là fún ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀; ní 2015 ó ti di 8,000. Àwọn ọlọ́kọ̀ pariwo. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ pé òun ń jáde kúrò nínú àdéhùn 1987. Kí ọdún náà tó parí ó ti padà, wọ́n sì tún ìwé náà kọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọgbọ́n àwọn ènìyàn yìí, kí ó wo ohun tí wọ́n ṣe sí òkun gbangba. Àwọn àlàfo omi méjì wà láàárín agbègbè wọn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń sá sí láti pa ẹja láìsan kọ́bọ̀. Òfin kò fún wọn láṣẹ níbẹ̀. Wọn kò sì sọ pé àwọn ní àṣẹ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ tiwọn ní 2008 pé ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ pa ẹja lọ́dọ̀ àwọn kò gbọdọ̀ pa ẹja nínú àlàfo náà. Ta ni yóò kọ odidi agbègbè sílẹ̀ nítorí àlàfo? Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà fi òfin de àwọn ohun àfọwọ́ṣe tí ń léfòó, tí ọlọ́kọ̀ ń jù sómi kí ẹja lè kó jọ sábẹ́ rẹ̀, fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, nítorí pé ọmọ bigeye, irú túnà mìíràn, máa ń kó sínú àwọ̀n níbẹ̀. Wọ́n tún fi dandan lé e pé alákìíyèsí kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ aláwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà léwu, nítorí alákìíyèsí kan ṣoṣo ni láàárín àwọn tí ó ń ṣọ́, lójú agbami. Àwọn kan lára wọn kò padà wálé rí.

Títí di àwọn ìwádìí tí ó jáde láìpẹ́ yìí, kò sí èyí tí ó ti dínkù ju bí ó ti yẹ lọ nínú irú túnà pàtàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ìwọ̀-oòrùn àti àárín Pàsífíìkì. Kò yẹ kí gbogbo ìyìn èyí lọ sọ́dọ̀ Ètò Ọjọ́ Ọkọ̀. Skipjack a máa bí púpọ̀, ó sì ń tètè dàgbà. Ní ti bigeye, ìròyìn rere ti 2017 wá ní pàtàkì láti inú àtúnṣe sí ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa bí ó ṣe ń dàgbà, tí wọ́n kà lára òkúta kékeré inú etí rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹja kàn pọ̀ sí i lójijì. Ohun tí ó dájú ni pé ìfẹ́ owó àti ìdáàbòbo ẹja kò dojú ìjà kọ ara wọn níhìn-ín. Ọjọ́ tí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ yóò ba ẹja jẹ́, yóò sì ba iye owó jẹ́ pẹ̀lú.

5. Ohun tí ó ṣẹ́ kù

Owó ìwé àṣẹ kì í ṣe iṣẹ́. Bangkok àti àwọn ìlú mìíràn ní Thailand ni púpọ̀ nínú ẹja yìí ti ń wọ inú agolo. Ilé-iṣẹ́ agolo wà ní Noro ní Erékùṣù Solomon, ó sì wà ní Lae àti Madang ní Papua New Guinea, ṣùgbọ́n ní Kiribati, níbi tí ju ìdajì owó ìjọba ti ń ti ara ìwé àṣẹ ẹja wá, àwọn èwe tí ń wá iṣẹ́ kò rí i nínú ọkọ̀ tí ń kọjá lókèèrè.

Ó yẹ kí ìtàn yìí mú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wa wo etíkun tiwọn. Túnà inú Òkun Àtìláńtíìkì náà ń rìn láti omi orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti 1979, nígbà tí Senegal bá àwọn ará Yúróòpù ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìjọba wa ti ń tà á. Áfíríkà ni ó gbé àbá 1972 kalẹ̀ ní Èkó. Àwọn ará Pàsífíìkì ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìmùlẹ̀ tí ó sọ ọ́ di owó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn olórí erékùṣù Pàsífíìkì kéde pé bí òkun tilẹ̀ bo etí ilẹ̀ wọn, ààlà omi tí wọ́n ti fi lélẹ̀ kò ní sún sẹ́yìn. Ìkéde náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òkun tí ń gbóná kò mọ ààlà. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún kan náà fi hàn pé bí ooru ayé bá ń pọ̀ sí i báyìí, ní 2050 ọ̀pọ̀ túnà yóò ti sún sí ìlà-oòrùn, kúrò nínú omi àwọn erékùṣù, bọ́ sínú òkun gbangba. Níbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n lè tà. Àjọ tí ń rí sí i ni èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Pohnpei. Àwọn erékùṣù wà nínú rẹ̀. Jàpáànù, Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá yòókù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan ni ó sì máa ń ṣe ìpinnu rẹ̀.